Bẹ́ẹ̀dì Kejì Létí Òkun

Yàrá tí mo gbà létí òkun ní bẹ́ẹ̀dì méjì, èmi nìkan ni mo sì lọ. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ló fẹ́ sùn síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni méjì. Ìparí oṣù kẹjọ ni, nígbà tí àwọn ọmọ òyìnbó ti ń múra àtipadà sí ilé-ìwé, tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì etíkun ń ṣófo, tí owó yàrá wọn sì wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíì lè tó o. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí pé ènìyàn mélòó ló ń bọ̀. Mo ní méjì. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀, mi ò sì tún un ṣe.

Ìbejì ni mí. Ní Idigny, lórí òkè ilẹ̀ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí wa sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló rán mi ṣáájú kí n wá bá a wo bí ayé ṣe rí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ló dé. Ìyá wa kò ra nǹkan ẹyọ kan fún wa rí. Bó bá ra àwo, àwo méjì ni. Bó bá ra àkàrà fún mi lójú ọ̀nà, á ra ti Kẹ́hìndé sí i, kódà bí Kẹ́hìndé bá wà lóko tí àkàrà náà yóò tutù kó tó dé. Ẹnu mi ti mọ́ méjì. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà ní Faransé tí mo ń kọ́ ọ láti máa sọ ọ̀kan: búrẹ́dì kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan, ife kan.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe òtútù. Omi ni. Lọ́dọ̀ wa, kànga jìn débi pé bí o bá ju garawa sí i, wàá ti mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èmi àti Kẹ́hìndé ti ń tò sẹ́yìn àwọn obìnrin yòókù. Kànga yẹn ló ṣẹ́ Kẹ́hìndé léyín. Garawa bọ́, igi tí a fi ń yí okùn náà ta padà, ó gbá a lẹ́nu, ìdajì eyín iwájú rẹ̀ sì lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Mo wá dé Faransé, ọ̀sẹ̀ kìíní, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi omi mímu fọ mọ́tò. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba títì míì lọ. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni níbí, nítorí wọn ò ní mọ ohun tó ń bí mi nínú.

Iṣẹ́ mi ni títẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Orí iṣẹ́ yẹn ni mo wà, ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí mo ń na aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, tí Ìdòwú fi pè mí. Ìdòwú ni ìyá wa bí lé wa, tíṣà ni ní Kétu, òun àti Ìyá sì jọ ń gbé nínú àgbàlá wa. Ó kí mi, ó tún kí mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́ igi o."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A ó ní ó lọ ṣẹ́ igi nínú igbó, bẹ́ẹ̀ la ó sì máa wí títí. Kò sí ìbejì tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, nítorí náà mi ò bi Ìdòwú pé ìgbà wo ló ń padà bọ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́." Ibà ló ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin péré. Mo parí bẹ́ẹ̀dì náà. Mo tẹ́ gbogbo èyí tó kù ní àjà kẹta, mo wọ́ ìrọ̀rí wọn tọ́, mo sì lọ sílé. Mi ò ní ìwé ìgbélùú nígbà náà. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mi ò lọ. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe láìsí mi níbẹ̀, èmi tí a kò yà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀ rí kí n tó wá sí Faransé. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí.

Bí ẹnikẹ́ni kò ṣe sọ ọ́, èmi náà kò sọ ọ́. Bí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá bi mí bóyá mo lẹ́bí, mo máa ń ní mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ó wà nílé. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù mi. Bó ṣe wà nínú igbó níbi tó ti ń ṣẹ́ igi, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìyá ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń gbẹ́ ère fún ìbejì tó bá lọ ṣẹ́ igi, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ni ìyá mi, kò jẹ́ gbé ère sínú yàrá. Ti fọ́tò ló fẹ́. Àwọn ayàwòrán wa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: ìbejì tó kù nílé á jókòó, wọ́n á yà á gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dìde, á wọṣọ bíi ti èkejì, á jókòó sí ọwọ́ kejì, wọ́n á tún yà á. Ayàwòrán á so méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan, àwọn ìbejì á sì tún jókòó pọ̀. Èmi àti Kẹ́hìndé kò ya fọ́tò pa pọ̀ láti ìgbà tí a ti dàgbà. Èyí tí a yà ní kékeré, ikán ti jẹ ẹ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ló máa ń pè.

"Ẹ kú ìsinmi o, Ìyá."

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Fọ́tò yẹn ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Èmi ní sùúrù," ó ní. "Ojú mi ni kò ní."

Òótọ́ ló sọ. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ, nǹkan funfun sì ti ń bo ti ọ̀tún. Dókítà ní Pobè sọ fún Ìdòwú pé kò ní pẹ́ mọ́ tí kò fi ní ríran rárá. Ó fẹ́ rí àwa méjèèjì pọ̀ kí ilẹ̀kùn ojú rẹ̀ tó tì. Nǹkan kan ṣoṣo tó bèèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án, ó kéré, èmi sì ń sá. Mo ń parọ́ pé fóònù mi bàjẹ́, pé kò sí ẹni tí yóò yà mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ jókòó sí àyè rẹ̀, a jẹ́ pé àyè náà ṣófo nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìwé mi jáde. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ra àkàrà òyìnbó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo sì jó díẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ilé ni n ó kọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún Ìyá pé ọkọ̀ òfúrufú ti wọ́n jù lásìkò yìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mi ò fẹ́ wọ àgbàlá wa kí n rí ẹní kan níbi tí méjì máa ń wà. Mo gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etíkun.

Ìdí tó fi jẹ́ etíkun rèé. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹfà ní Idigny, ilé-ìwé wa kó àwọn ọmọ lọ wo òkun ní Kútọnu. Kẹ́hìndé ní ibà lọ́jọ́ náà. Wọn ò jẹ́ kí n lọ láìsí i, torí a kì í ya ìbejì. A jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo ń sunkún, inú bí mi sí i, mo ní òun ló kó o bá mi. Àwọn ẹgbẹ́ wa padà dé pẹ̀lú ìkarahun nínú àpò, wọ́n sì ń sọ pé omi kan wà tí kò ní òdìkejì. Àwa tí à ń to garawa! Kẹ́hìndé ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i nínú wa kó pe èkejì."

Mo dé etí òkun ní ọ̀sán, òkun kò sí níbẹ̀.

Mo dúró lórí ògiri etíkun pẹ̀lú àpò mi, iyanrìn tútù ni mo rí, ó lọ jìnnà títí, ó ń dán, ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀. Mo rò pé mo ti gba ìlú tí kì í ṣe òun lọ. Bàbá arúgbó kan tó ń mú ajá rìn rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi fà sẹ́yìn ni, yóò padà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó dè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ń bọ̀ lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, ó bo gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn ti tẹ̀. Kò ní òdìkejì. Mo yọ fóònù, mo wá "Ẹ̀gbọ́n," mo gbé àtàǹpàkò lé e. Mo ronú pé ẹlòmíì lè gbé e. Mo tún ronú pé ó lè gbé e fúnra rẹ̀, èyí ló sì burú jù. Mo fi fóònù padà sápò.

Lọ́jọ́ kẹta oòrùn yọ díẹ̀. Mo tò níwájú ilé ìtajà kékeré kan tí wọ́n ti ń ta yìnyín dídùn nínú kóònù, ó kàn mí, ọmọge náà ní, "Mélòó?" Mo ní, "Méjì." Mo gbà á lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbà á lọ́wọ́ òsì, mo jáde síta. Atẹ́gùn ń fẹ́. Mo jẹ tèmi. Èkejì ń yọ́, ó ń ṣàn sí ọrùn ọwọ́ mi, ó ń kán sí bàtà mi, àwọn ènìyàn sì ń wò mí. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ nù pẹ̀lú. Mo dì í mú títí tó fi di omi, mo sì lọ fọ ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo padà sí òtẹ́ẹ̀lì, obìnrin tó ń tún yàrá ṣe wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Lúsì lorúkọ rẹ̀, òyìnbó ni, ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún bíi tèmi. Láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fúnra mi, nítorí ojú ń tì mí kí alájọṣiṣẹ́ máa tẹ́ ẹ fún mi.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ gbàgbé omi sínú ọpọ́n ìwẹ̀."

"Mi ò gbàgbé o. Mo pọn ọ́n ni."

Ó wò mí. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Láàárọ̀ méjèèjì, kí n tó jáde, mo ti kún ọpọ́n náà dé etí láìronú, bí a ti ń ṣe nílé, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí omi lè tán. Òkun wà lójú fèrèsé, èmi ń pọn omi pamọ́. Mo ṣàlàyé fún un, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

"Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kejì yín," ni Lúsì wí, bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ rẹ̀ lọ. "Tiyín ti wà ní títẹ́."

"Ẹnì kejì wo?"

"Ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Ẹnikẹ́ni ò sùn síbẹ̀."

Ó gbé èjìká sókè. "Ìrọ̀rí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, aṣọ rẹ̀ sì wọ́. Láti ọmọge ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Màdáámù. Mo mọ bẹ́ẹ̀dì tí ènìyàn sùn."

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ wa ni. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo dìde lójú oorun tí mo lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ràn láti sùn sí láti kékeré. Kẹ́hìndé ni kì í lè sùn níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti kàn án lójú.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́, inú mi sì tún dùn, èyí ló wá dẹ́rù bà mí jù. Lúsì bi mí bóyá ara mi kò yá. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Ní èdè Faransé ni mo ti sọ ọ́, nítorí ní èdè wa a kì í sọ ọ́, mi ò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kéékèèké ni. Ọdún méjì ni wọ́n ti wà lọ́rùn mi. Mo sunkún níwájú obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́, a bà á jẹ́ pátápátá.

Mo sọ ti Ìyá fún un, ti ojú rẹ̀, ti fọ́tò tó ń bèèrè.

"Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?" Lúsì ní. "Iṣẹ́ mi parí ní aago méjì. Ẹ gbé fóònù yín dání."

Nígbà tí mo ń kúrò nílé, Kẹ́hìndé mú aṣọ àdìrẹ kan, ó gé e sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo ti ń gbé e kiri láti yàrá dé yàrá, mi ò ró o rí. Ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò mi. Mo mú un lọ́wọ́, a jáde sí orí ògiri etíkun, níbi tí àga gígùn kan ti kọjú sí omi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ti ń kó àwọn agbòjò etíkun wọlé títí di ọdún tó ń bọ̀.

Mo kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí ara mi, ní apá òsì àga náà. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú mi, mo wọ dígí ojú, irun mi tí mo gé mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà ní gbangba. Mo ki ọwọ́ bọ àpò nítorí òtútù. Lúsì ní kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i ṣe. Ó yà mí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo yọ dígí. Mo ró aṣọ náà, mo fi gèlè kékeré wé orí bí òun ṣe máa ń wé e, kó bo etí kan kó yọ èkejì sílẹ̀. Mo dúró níwájú apá ọ̀tún àga náà fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," mo sì jókòó.

Lúsì ti di búrẹ́dì oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, fóònù mi ni ó fi ọwọ́ kejì gbé. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹyẹ òkun funfun kan já wálẹ̀, ó já búrẹ́dì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pátá. Lúsì pariwo, ó bú ẹyẹ náà, ó ń sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, fóònù sì ń ya gbogbo ohun tó bá rí. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọdún méjì, mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a wo fọ́tò náà, obìnrin kan jókòó sí apá ọ̀tún àga, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti pa ojú rẹ̀ dé. Eyín mi pé. Mi ò bo ẹnu mi rí láyé mi. Lúsì ní fọ́tò náà dára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí Ìdòwú, mo padà sí ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ tí mo ń lọ, mo ti ṣí omi ọpọ́n náà dànù fúnra mi, mo sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà ní yàrá mi, mo gbé fóònù sétí. Ìdòwú ní ayàwòrán ti so wọ́n pọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, ó ti fi gíláàsì bò ó. Ó gbé e lé Ìyá lọ́wọ́. Mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń nu gíláàsì náà. Ó ní kí wọ́n wọ́ àga òun sẹ́nu ọ̀nà, níbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ. Alùpùpù kan kọjá lójú títì wọn.

"Kẹ́hìndé mi rèé," ni Ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ wò ó, ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ mi, eyín yẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún ẹ."

Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Mo ń dúró kó kàn mí.

"Ìdòwú," ó ní, "ta ni yovó tí wọ́n fi jókòó tì í yìí?"

Yovó ni à ń pe òyìnbó lọ́dọ̀ wa, àti ẹni tó bá ti jọ ọ́.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ ta?"

"Táyé. Táyé ni."

Àkùkọ kan kọ ní àgbàlá wa, mo mọ̀ pé ìdí igi máńgòrò ló wà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìlà ti já.

"Táyé," ó ní jẹ́jẹ́. "Kí ló dé tí o jókòó jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀? Sún mọ́ ọn."

Lórí àga tí mo wà, ní yàrá mi, mo sún.